Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká pe Elizabeth Cotten ní olórin àbáláyé

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ lórí orúkọ tó yẹ ká máa pe àwọn olórin folk ti Amẹ́ríkà, ìyẹn àwọn tó ń kọ orin àwọn èèyàn lásán tó ń ti ẹnu dé ẹnu, ẹ̀gbọ́n wa kan ní olórin àbáláyé ló dáa jù, àwọn kan ní olórin ìbílẹ̀. N ò fara mọ́ ìkankan níbẹ̀ o.

Ti ìbílẹ̀ ò le. Tá a bá ti ní orin ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn Cherokee àti Navajo tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé ló yẹ kó wá sí wa lọ́kàn, àwọn ló ni ilẹ̀.

Àbáláyé gan-an ló ń dùn mí. Ohun tá a bá láyé, a ò mọ ẹni tó dá a sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ Elizabeth Cotten, obìnrin olórin folk Amẹ́ríkà kan, ló hun orin Freight Train fúnra ẹ̀, ọmọdé ni nígbà yẹn ní Carrboro ní North Carolina, níbi tó ti ń gbọ́ ìró rélùwéè. Ọlọ́wọ́ òsì ni, ó dojú gìtá dé láì tún okùn ẹ̀ tò, àtàǹpàkò ló fi ń ta ohùn orin, ìka tó kù ń ta ohùn ìsàlẹ̀. Ó lọ́kọ, ó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó pa gìtá tì fọ́pọ̀ ọdún, àfìgbà tó ń bá ìdílé Seeger, ìdílé olórin kan, ṣiṣẹ́ ilé ní Washington ló tó tún mú gìtá tó wà nílé wọn. Peggy Seeger, ọmọ tó bá wọn tọ́, ló gbé orin yẹn dé Ìlú Ọba, kó tó dọ̀la àwọn kan níbẹ̀ ti forúkọ ara wọn sí i pé àwọn làwọn ni ín, àwọn olórin kan, Chas McDevitt àti Nancy Whiskey, gbé e jáde ní 1957, ó sì tà wàràwàrà! Ìdílé Seeger ló gbèjà ẹ̀ kórúkọ ẹ̀ tó padà sórí orin ẹ̀. Ìyá tó ń fọlé, tó ń se oúnjẹ, wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ ọpọlọ ẹ̀, àwa náà á tún wá pè é ní àbáláyé?

Olórin aráàlú lèmi fara mọ́. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní àwọn olóṣèlú ti lo aráàlú gbó, kì í ṣe ẹ̀bi ọ̀rọ̀ náà. Ẹ wo àwo tí Mike Seeger, ẹ̀gbọ́n Peggy, gbà sílẹ̀ fún un, tí ilé-iṣẹ́ àwo Folkways gbé jáde ní 1958, ìyá náà ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Going Down the Road Feeling Bad wà nínú ẹ̀, ìyẹn àbáláyé lóòótọ́, Freight Train náà wà níbẹ̀, ìyẹn sì ní ìyá. Aráàlú gba méjèèjì láyè.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ lè fọwọ́ sí i, àbí ẹ ní òmíì tí ò ní pa orúkọ ẹni tó hun orin rẹ́?