“Wọ́n jáde ni”: ta ló ti tan ara rẹ̀ jẹ báyìí rí?

Ọmọ Mẹkáníìkì:
Ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé orí mi ti dàrú. Bàbá mi kú ní oṣù Kẹta ọdún tó kọjá. Mẹkáníìkì ni wọ́n n'Ìbàdàn, fóònù kékeré oníbọ́tìnnì ni wọ́n ń lò, epo ẹ́ńjìnnì ti pa nọ́ńbà 5 àti 8 rẹ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, èmi ni mo mú fóònù náà. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mò ń fi í sí ṣáájì, mo sì ń ra káàdì 200 náírà sí i lóṣooṣù. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, àlàyé ti wà lẹ́nu mi: àwọn tó jẹ wọ́n lówó lè pè. Àlàyé gidi ni o, ẹni méjì tilẹ̀ pè, wọ́n sì san owó.

Nígbà tó di oṣù keje, oníbàárà kan pè láti Ògbómọ̀ṣọ́. Kò tíì gbọ́. Ó ní kí n fún Bàbá ní fóònù. Mo ní, “Wọ́n jáde ni sà, wọ́n á wọlé tó bá di ìrọ̀lẹ́.” Ohùn mi ò gbọ̀n rárá. Mo tún bi í ní irú ọkọ̀ tó jẹ́, kí n lè bá a jíṣẹ́. Ìgbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ ni mo rí ohun tí mo kọ sẹ́yìn risíìtì: “Camry 2007, ó ń gbóná.” Kí n jíṣẹ́ fún ta?

Èmi dáwódù ni mo kọ́kọ́ bu yẹ̀pẹ̀ sí ibojì wọn. Mo mọ̀ pé wọ́n ti kú. Kí wá ni mò ń ṣe?

Ìyá Aláṣọ:
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á tù yín nínú. Tèmi ò tó tiyín. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ọ̀gá mi a máa bú mi níwájú oníbàárà, èmi á máa rẹ́rìn-ín, “ẹ má bínú mà.” Bí mo bá délé, tí ọmọ mi ọmọ ọdún 6 bá da omi sílẹ̀, ilé á gbóná. Mo gbà pé olóríkunkun ọmọ ni. Ọ̀sẹ̀ tí mo kúrò níbi iṣẹ́ yẹn ni ọmọ ṣàdédé di ọmọ dáadáa! Ẹni a lè mú là ń lédì mọ́.

Nọ́ọ̀sì Manchester:
Orí yín ò dàrú. Àwọn tí ọ̀rọ̀ ọpọlọ ń yọ lẹ́nu ni mò ń tọ́jú níhìn-ín, ohun tí ẹ sọ yìí sì ti pẹ́ nínú ìwé. Láti 1894 ni Sigmund Freud, dókítà ará Vienna, ti kọ̀wé pé bí nǹkan bá wúwo jù fún ọkàn, ọkàn a máa tì í sẹ́yìn, ẹni tó ni ọkàn ò sì ní mọ̀. Anna ọmọ rẹ̀ ló wá to oríṣiríṣi ọ̀nà tí ọkàn ń gbà ṣe é jọ sínú ìwé kan ní 1936, ó fi ta bàbá rẹ̀ lọ́rẹ nígbà tó pé ọgọ́rin ọdún. Òpùrọ́ mọ òótọ́, ẹ̀yin ló ń fi í pa mọ́ fún. Ṣùgbọ́n nínú èyí, ẹni tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún náà ló ń fi í pa mọ́.

Kí ẹ má sì rò pé mímọ̀ ń gbani. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mò ń wẹ̀ lọ́wọ́ ni mo fọwọ́ kan kókó kan lọ́mú mi òsì. Ẹ̀rù ò bà mí. Ìwé ni mo kó jọ. Kí èsì àyẹ̀wò tó dé, mo ti fi bírò aláwọ̀ mẹ́ta kọ ìwé kan kún, mò ń pe ara mi ní “aláìsàn náà.” Ọmọbìnrin mi ń fọ abọ́, ó ní, “Mọ́mì, ṣé ẹ̀rù ò bà yín?” Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé oríṣi kókó tó wà fún un. Ó ti omi ẹ̀rọ pa, ó ní, “Ẹ̀yin ni mò ń bi, kì í ṣe nọ́ọ̀sì.” Ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ gbọ̀n lábẹ́ tábìlì.

Kókó náà kì í ṣe jẹjẹrẹ, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ìwé oníbírò mẹ́ta yẹn ni mo fi rọ́nà lọ síbi iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò lè bú u.

Tíṣà Ọ̀yọ́:
Anna yẹn náà ló sọ ti ọmọbìnrin kékeré kan tó ń bẹ̀rù iwin nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ṣókùnkùn. Ọmọ náà wá fi àṣírí han àbúrò rẹ̀: kó ṣáà máa ṣe bíi pé òun gan-an ni iwin tó lè pàdé òun. Ọjọ́ tí mo kà á, mo pariwo. Èmi náà ṣe é! Egúngún alátòrì máa ń gba ojúlé wa kọjá, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mò ń wà títí ìlù á fi jìnnà. Lọ́jọ́ kan mo fi ìró màmá mi bo orí, mo ṣẹ́ ẹ̀ka dóńgóyárò, mo ń fọhùn bí ará ọ̀run, mo lé àwọn àbúrò mi yí àgbàlá ká. Láti ọjọ́ náà, mi ò sá mọ́. Àwọn ló wá ń sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ìyẹn ṣì ṣeé fi ṣe ẹ̀rín. Nílé ẹ̀kọ́ tí a ti ń sùn, nígbà tí mo wà ní JSS 1, sẹ́níọ̀ kan a máa ní kí n kúnlẹ̀ lórí ìdérí ìgò mínírà, á ní, “Wò mí lójú dáadáa.” Nígbà tí mo dé SS 2, èmi náà ń to ìdérí ìgò sílẹ̀ fún ọmọ kékeré kan. Ó sunkún. Mo ní, “Wò mí lójú dáadáa,” ohùn sẹ́níọ̀ yẹn gan-an ló sì jáde lẹ́nu mi. Mi ò mọ ibi tí ọmọ yẹn wà lónìí.

Ọ̀rọ̀ Kàn Mí:
Ọdún méjì gbáko ni ọkọ mi àtijọ́ fi ń yẹ fóònù mi wò, pé mò ń yan àlè. Ẹ ti mọ ìyókù. Olè ló mọ ẹsẹ̀ olè é tọ̀ lórí àpáta.

Bàbá Àgbà:
Ẹ rọra o. Bí ibà bá wà lára mi, tí o bi mí pé ara ńkọ́, “ara le, a dúpẹ́” ni wàá gbọ́. A kì í sì pe ejò ní ejò lóru, okùn ilẹ̀ ni. Ṣé gbogbo wa la wá ń tan ara wa jẹ?

Nọ́ọ̀sì Manchester:
Rárá sà. Ẹni tó pè é ní okùn ilẹ̀ ṣì ń gbẹ́sẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó sì ń wá iná. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tó ní okùn lásán ni, lọ̀rọ̀ mi bá wí.

Bàbá Àgbà:
Ìyẹn yé mi. Àtọ̀gbẹ tí wọ́n ní mo ní yẹn, mo sọ fún wọn pé ẹ̀rọ wọn ló bàjẹ́. Ọsibítù mẹ́ta ni ẹ̀rọ wọn ti bàjẹ́ báyìí o.

Ọmọ Mẹkáníìkì:
Bàbá Àgbà, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ gba oògùn yín.

Mo pe oní-Camry yẹn padà lánàá. Mo sọ òótọ́ fún un. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní òun ti fura, torí Bàbá kì í jẹ́ kí ẹlòmíì gbé fóònù àwọn. Ó ní ta ló ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù, mo ní mo ti tì í pa. Ó tún dákẹ́.

Fóònù náà ṣì wà lórí fìríìjì. Ọ̀la ni Sátidé.