Yìnyín ti bo pápá: ṣé màlúù lè fi yìnyín pa òùngbẹ?

Ọmọ Ṣakí:
Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin ará mi. Àríwá Minnesota ní Amẹ́ríkà ni mo wà. Abo màlúù mẹ́sàn-án ni mo ní, irú tí wọ́n ń pè ní Angus dúdú. Mẹ́fà lóyún, oṣù kẹrin ni wọ́n máa bí. Ìgbà òtútù àkọ́kọ́ tí mo máa fi ẹran sí pápá nìyí. Nílé, ní Òkè Ògùn, ẹ̀ẹ̀rùn là ń bẹ̀rù: koríko á gbẹ, odò á fà, àwọn Fúlàní á da ẹran wọn lọ síbi tí omi kù sí. Níbí, omi ò wọ́n, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ti di òkúta. Láàárọ̀ àná, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi àáké la ojú táǹkì kó tó di ọ̀sán. Aládùúgbò mi, àgbàlagbà òyìnbó kan, ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, pé màlúù á lá yìnyín. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Oúnjẹ wọn ńkọ́, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó tó? Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Òru ni mo ń jí lọ fi tọ́ọ̀ṣì wò wọ́n.

Ìyá Ẹlẹ́ran:
Ẹ kú ìtọ́jú ẹran, Ọmọ Ṣakí. Ọdún kọkànlá mi rèé pẹ̀lú màlúù ní North Dakota. Òótọ́ ni aládùúgbò yín sọ, àmọ́ kò sọ ọ́ tán. Màlúù tí ara rẹ̀ dá, tí kò fọ́mọ lọ́mú, lè fi yìnyín pa òùngbẹ bí yìnyín náà bá rọ̀, tó mọ́, tó sì pọ̀. Bí oòrùn bá yọ́ ojú rẹ̀, tó tún wá dì lálẹ́, á le gbagidi, ahọ́n ò ní lè kó o, á sì máa bó wọn nímú. Èyí tí kò bá ṣe é rí tún máa ń lo ọjọ́ mélòó kan kó tó mọ̀ ọ́n jẹ. Abo tó ń fọ́mọ lọ́mú, ẹ má dán an wò. Ní tèmi, ẹ jẹ́ kí omi wà fún àwọn olóyún yẹn lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí táǹkì bá kọ̀ ni kí ẹ fi yìnyín sí.

Ìgbẹ́ wọn ni kí ẹ máa wò. Bí omi bá tó wọn, á rọ̀, á tẹ́ sílẹ̀. Bó bá gan, tó ń tò lérí ara wọn, òùngbẹ ń gbẹ wọ́n nìyẹn, màlúù tí òùngbẹ sì ń gbẹ kì í jẹun dáadáa.

Ohun tójú mi rí ni mò ń sọ. Mo ra ẹ̀rọ kan tó ń mú omi táǹkì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Lọ́jọ́ kejì, koríko tí mo gbé sílẹ̀ ò tán. Àgbà inú wọn, tí mò ń pè ní Àdùkẹ́, rìn dé etí táǹkì, ó na ọrùn, imú rẹ̀ kan omi, ló bá fò sẹ́yìn. Ó wá dúró, ó ń wo omi. Omi ò dì o, ooru ń rú lójú rẹ̀. Mo rò pé àìsàn ló ń ṣe é. Ọkọ mi ló ní kí n yọ wáyà. Bí mo ṣe yọ ọ́, kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi ya bo táǹkì. Iná ló ń jò sínú omi! Èmi tí mo wọ bàtà rọ́bà àti ìbọ̀wọ́ ò mọ nǹkan kan. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi òùngbẹ jẹ ẹran níyà, ó ṣì ń dùn mí dòní. Ẹ jẹ́ kí oníná tó mọṣẹ́ ṣe earthing rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó tàn án.

Bàbá Ìbejì:
Ìyá wa, ẹ ṣé gan-an. Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí oúnjẹ. Abo tó wọn 1,200 pọ́n-ùn máa ń jẹ koríko gbígbẹ tó 25 sí 30 pọ́n-ùn lóòjọ́. Bẹ́ẹ bá kó mẹ́sẹ̀ẹ̀sán pọ̀, ìdì ńlá roboto kan tó wọn 1,200 ò ní ju ọjọ́ mẹ́rin lọ, torí wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n á tọ̀ sí i. Bó bá jẹ́ oṣù mẹ́fà ni koríko tútù ò ní sí, ìdì 45 nìyẹn. Ẹ tètè rà á, koríko máa ń wọ́n láàárín òtútù. Ẹ tú okùn àti nẹ́ẹ̀tì ara ìdì kúrò o, wọ́n á gbé e mì.

Bí irun wọn bá gbẹ, òtútù ò ní dà wọ́n láàmú títí á fi já sí nǹkan bíi 20 Fahrenheit. Bí irun bá rin, láti 60 ló ti ń ni wọ́n lára. Ìdí nìyẹn tí òjò oṣù kọkànlá fi ń bà mí lẹ́rù ju yìnyín oṣù kìíní lọ. Bí òtútù bá ti já kọjá ìwọ̀n tí mo sọ yẹn wálẹ̀, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ni kí ẹ máa fi kún agbára oúnjẹ wọn fún ìwọ̀n Fahrenheit kọ̀ọ̀kan tó bá já wálẹ̀. Ẹ wá nǹkan tó máa gba atẹ́gùn dúró fún wọn pẹ̀lú.

Ìrọ̀lẹ́ ni èmi ń fún wọn lóúnjẹ. Bí koríko bá ń dà nínú wọn, ó ń mú ooru wá, ooru yẹn á sì bá wọn lóru. Ó tún ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wọn bímọ lójú ọ̀sán. Gus Konefal, àgbẹ̀ kan ní Manitoba ní Kánádà, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ọ̀nà yìí.

Ọmọ Ṣakí:
Ọlọ́run á bù kún un yín. Ìbéèrè kan ṣì kù. Gbogbo wọn rí múlọ́múlọ́ lójú mi, yìnyín sì ń dúró lórí ẹ̀yìn wọn láìyọ́. Ṣé kò burú?

Ìyá Ẹlẹ́ran:
Yìnyín tí kò yọ́ dára, ooru ara wọn ò jò síta nìyẹn. Àmọ́ ẹ má gba ojú gbọ́ lórí múlọ́múlọ́. Irun òtútù ń bo egungun. Ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́, ẹ ti ọwọ́ bọ inú irun títí dé awọ, kí ẹ tẹ egungun ìhà wò.

Ọmọ Ṣakí:
Mo ti lọ. Mẹ́jọ wà dáadáa, mo ní láti tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí ọwọ́ mi tó kan egungun. Ìkẹsàn-án, èyí tó kéré jù nínú àwọn olóyún, bí mo ṣe fọwọ́ kàn án ni mo ń ka egungun ìhà rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lójú, òun ló sanra jù. Mo ti yà á sọ́tọ̀ sẹ́yìn abà, pẹ̀lú koríko alfalfa àti omi tirẹ̀. Ó ń jẹun bí mo ṣe ń kọ èyí.