Ọkọ̀ alumíníọ̀mù àtijọ́ tó ń jò: ṣé kí n yọ ìjókòó inú rẹ̀ ni?

Ọmọ Ìta-Ọ̀ṣìn

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo gbé wá. Kì í ṣe mọ́tò o, ọkọ̀ ojú omi.

Àbúrò bàbá mi ló rà á ní gbàǹjo nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe afárá ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Ẹsẹ̀ bàtà 14 ni gígùn rẹ̀, pánù alumíníọ̀mù tí wọ́n fi rífẹ́ẹ̀tì (ìṣó kúkúrú tí wọ́n ń lù nídìí kó má lè yọ) kàn pọ̀ látòkè délẹ̀. Wọ́n lò ó díẹ̀ lórí odò Ògùn nísàlẹ̀ afárá Láfẹ́ńwá, ẹ́ńjìnnì kú, wọ́n bá wọ́ ọ wá sẹ́yìn ilé, sábẹ́ igi máńgòrò. Ibẹ̀ ló wà títí àbúrò bàbá mi yìí fi papòdà. Àwọn ewúrẹ́ sọ ọ́ di yàrá. Nígbà tí a pín ogún, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Ẹ̀gbọ́n mi kan tiẹ̀ ti pe àwọn onírin kóńdẹ́ẹ̀mù kí wọ́n wá wọ̀n ọ́n ní kílò, èmi ni mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi. Ìyàwó mi ò tíì dárí jì mí.

Mo ti kó ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti ewé kúrò (bárò mẹ́sàn-án, mo kà á). Pátákó ìdí ọkọ̀, níbi tí wọ́n ń fi ẹ́ńjìnnì kọ́ sí, ti jẹrà. Mo fi ìka gún un, ìka wọlé bíi pé búrẹ́dì tó bọ́ sómi ni. Láàárín pátákó yẹn àti pánù, mo rí ìyẹ̀fun funfun kan, ẹ ó ní láfún ni wọ́n dà síbẹ̀, àwọn ihò wínníwínní sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ìjókòó mẹ́ta ló dábùú inú ọkọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, fóòmù wà nínú wọn. Mo da omi kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin sínú rẹ̀, lójú mi báyìí ló ń kán láti ìdí rífẹ́ẹ̀tì.

Ohun tí mo fẹ́ kò ju kí n máa gbé e lọ sí adágún Ọ̀yán lọ́jọ́ Sátidé, kí n ju ìwọ̀ sómi, kí ọkàn mi balẹ̀. Mo fẹ́ yọ ìjókòó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí n tẹ́ pátákó pẹrẹsẹ bíi ti fídíò àwọn òyìnbó tí mo ń wò, kí n gbé àga oníyíyí méjì lé e. Ọmọkùnrin kan tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù ní Pánṣẹ́kẹ́ ní òun á fi ìbọn rífẹ́ẹ̀tì òun dí gbogbo ibi tó ń jò lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Wẹ́dà àdúgbò wa ní rárá, jíjó ni ká jó o. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Bàbá Ìbejì Adátán

Onírin kóńdẹ́ẹ̀mù ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀. Ẹ fowó ra ẹja ní Láfẹ́ńwá.

Alájẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbọ́ ti ẹnì kankan nínú wọn. Ọdún 11 ni mo fi tún ọkọ̀ ṣe létí ọ̀sà l'Ékòó kí n tó padà wálé sí Ìbarà. Títún iṣẹ́ irú àwọn méjèèjì yẹn ṣe ló bọ́ mi níbẹ̀.

Rífẹ́ẹ̀tì onífèrèsé ní ihò nínú. Bí ìbọn bá fà á tán, pín-ìn-nì àárín á já, ihò á ṣì wà, omi á gba ibẹ̀ wọlé. Fèrèsé kì í lúwẹ̀ẹ́, kò kan òun. Ní ti wẹ́dà, alumíníọ̀mù kì í pọ́n bí irin kó tó yọ́. Ní 660 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì ló ń yọ́, ṣùgbọ́n awọ fẹ́lẹ́ tó bò ó lára ò ní yọ́ àfi kí iná kọjá 2,000. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jó géètì á ti luhò sí i kí wẹ́dà tó mọ̀ pé ó gbóná. Ẹni tó ní ẹ̀rọ TIG àti gáàsì ágọ́ọ̀nù lè jó o lóòótọ́, àmọ́ iná yẹn á tún tú àwọn rífẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀.

Ẹ gbé ọkọ̀ sórí pátákó tó gbé gbogbo abẹ́ rẹ̀ dúró. Kì í ṣe búlọ́ọ̀kù méjì o! Lítà omi kan, kílò kan ni. Bí ẹ bá bu 300 lítà síbẹ̀, 300 kílò lẹ gbé lé pánù fẹ́lẹ́ yẹn. Ẹ wọ abẹ́ rẹ̀, ẹ fi máákà yí gbogbo rífẹ́ẹ̀tì tó bá ń sunkún po. Bó bá gbẹ, ẹnì kan á fi irin tó wúwo ti orí rífẹ́ẹ̀tì láti ìta, ẹnì kejì á máa fi òòlù kékeré lù ú láti inú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á fún padà. Èyí tó bá ń yí lọ́wọ́, ẹ fi dírìlì yọ ọ́, ẹ fi rífẹ́ẹ̀tì alumíníọ̀mù tó kún, tí kò níhò, rọ́pò rẹ̀, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù ọkọ̀ ojú omi sí i nídìí.

Ìjókòó: ẹ má yọ wọ́n. Àwọn ló di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, bí igi àjà ṣe ń di ògiri mú. Bí wọ́n bá kúrò, ẹ̀gbẹ́ á máa ṣí bí ẹnu àpò nígbàkígbà tí ìgbì bá lù ú. Fóòmù inú wọn náà ni yóò sì gbé yín bí omi bá kún inú ọkọ̀. Ẹ tẹ́ pátákó sáàárín ìjókòó iwájú àti ti àárín, nísàlẹ̀ pátápátá, ó tó. Àga oníyíyí lórí ilẹ̀ tó ga nínú ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 14? Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

Láfún tí ẹ rí yẹn, alumíníọ̀mù tó ń jẹ ara rẹ̀ ni. Igi tútù, bọ́ọ̀tì irin, ìtọ̀ ewúrẹ́, gbogbo wọn pàdé síbi kan. Ẹ lo ìrókò tàbí páláńwúùdù tó nípọn, ẹ fi ẹpọ́sì (gọ́ọ̀mù olómi tó ń gan bí òkúta) kùn ún yíká, kódà inú ihò bọ́ọ̀tì. Ẹ má lo igi tí wọ́n rì sínú oògùn aláwọ̀ ewé, bàbà ló wà nínú oògùn yẹn, ọ̀tá alumíníọ̀mù sì ni bàbà. Bọ́ọ̀tì sítéńlẹ́ẹ̀sì nìkan. Mo ti rí ibi tí kọ́bọ̀ kan ayé àtijọ́, oníbàbà yẹn, ti luhò sí abẹ́ ọkọ̀.

Ọmọ Ìta-Ọ̀ṣìn

Ẹ ṣeun púpọ̀, Alájẹ̀. Fóòmù ńkọ́? Mo gé ìjókòó ẹ̀yìn wò díẹ̀, mo fún fóòmù náà, omi ń ṣàn bọ́ láti inú rẹ̀. Mo ní mátírẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan nílé.

Alájẹ̀

Mátírẹ́ẹ̀sì kẹ̀! Kànìnkànìn nìyẹn. Èyí tó le, tí kì í mu omi, ni kí ẹ wá. Kí ẹ tó ra ẹ́ńjìnnì, ẹ wọn gíga ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí ẹ́ńjìnnì ń kọ́ sí, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bó bá jẹ́ ínǹṣì 15, ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú lẹ máa rà; bó bá jẹ́ 20, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn.

Ará Ìmálà

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí ìtòsí Ọ̀yán ni mo dàgbà sí. Ìdídò yẹn, ibi tí wọ́n ti sé odò Ọ̀yán tó fi di adágún, ti wà láti 1983, omi ibẹ̀ kì í ṣe ti odò tí ẹ mọ̀ ní Láfẹ́ńwá. Ó gbòòrò, atẹ́gùn máa ń jà lórí rẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹ jáde láàárọ̀ kùtù, kí ẹ wọ ẹ̀wù tó ń gbé ènìyàn léfòó.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an ni pé ẹ má fi ẹsẹ̀ lásán wọ omi nígbà tí ẹ bá ń ti ọkọ̀ sódò. Àtọ̀sí ẹlẹ́jẹ̀ wà níbẹ̀, inú ìgbín kékeré etí omi ni kòkòrò rẹ̀ ti ń jáde, awọ ara ló ń gbà wọlé. Ọ̀pọ̀ àwa ọmọ àdúgbò yẹn ló tọ ẹ̀jẹ̀ rí, nígbà yẹn a rò pé ara àgbà ni. Bàtà òjò tó ga ni kí ẹ wọ̀. Bí ìtọ̀ bá sì pọ́n, ẹ lọ sílé ìwòsàn, oògùn rẹ̀ wà.

Ọmọ Ìta-Ọ̀ṣìn

Ẹ kú ìmọ̀ràn o. A fi máákà yí i lánàá, rífẹ́ẹ̀tì 23 ló ń sunkún. Ọmọ onífèrèsé yẹn ló ń bá mi di irin mú láti ìta, ó ní òun fẹ́ kọ́ ọ.

Alájẹ̀, ẹ ò ní gbà gbọ́. Nígbà tí mo ṣí pátákó ilẹ̀ tó wà lẹ́bàá ìjókòó àárín, kọ́bọ̀ kan pupa wà níbẹ̀, ihò tó wà lábẹ́ rẹ̀ gba orí ìka mi. Pánù wo ni kí n fi lẹ̀ ẹ́? Ti fèrèsé tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ ọmọ yìí ńkọ́, àbí òun náà tún ní àrùn tirẹ̀?