Re: 'gentil' kì í ṣe 'onírẹ̀lẹ̀', àti ọ̀rọ̀ 'Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́' yẹn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ti ka àkójọ ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ fáwọn ọmọ yunifásítì tó ń ka ìwé Chaucer, akéwì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àkójọ tó pe gbogbo Gẹ̀ẹ́sì ayé ọjọ́un ní 'Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́', tó sì tú 'gentil' sí 'onírẹ̀lẹ̀'. Iṣẹ́ yẹn dáa gan-an, ẹ má jẹ́ ó sú yín, àmọ́ ọ̀rọ̀ méjì yìí ò gbọdọ̀ jáde báyẹn o.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú orúkọ sáà kúrò nílẹ̀ torí ìyẹn ò le. Tá a bá kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ sábẹ́ 'àtijọ́', ọmọ tó ń ka Chaucer á bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, á ṣí díkíṣọ́nárì Bosworth-Toller tó jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì táwọn Anglo-Saxon ń sọ káwọn ará Normandy tó wá ṣẹ́gun wọn lọ́dún 1066, á wá 'gentil' níbẹ̀ títí, kò ní bá a, torí ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ni Gẹ̀ẹ́sì ti yá ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́yìn ogun náà. Èyí tó yẹ kó ṣí ni díkíṣọ́nárì Yunifásítì Michigan, Gẹ̀ẹ́sì nǹkan bí ọdún 1100 sí 1500 ló wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni, kò ní san kọ́bọ̀. Chaucer kú lọ́dún 1400, inú ibẹ̀ ló bọ́ sí. Shakespeare tí wọ́n máa ń sọ fún wa nílé ìwé pé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ló kọ, 1564 ni wọ́n bí i, kò tiẹ̀ sí nínú méjèèjì. Àbá tèmi ni 'Gẹ̀ẹ́sì Ìjímìjí' fún tàwọn Anglo-Saxon, 'Gẹ̀ẹ́sì Agbedeméjì' fún ti Chaucer. Ẹnì kan ní ká sọ pé 'Gẹ̀ẹ́sì Àárín', mi ò bá a jà, àmọ́ agbedeméjì ló tètè ń sọ féèyàn pé ọ̀kan ti kọjá, òmíì ṣì ń bọ̀.

Ó wá ku 'gentil', ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ sí dáadáa.

Inú ọ̀rọ̀ ìṣáájú Canterbury Tales, ìwé ìtàn tí Chaucer fi ewì kọ, ni ìlà tí 'gentil' ti jáde wà, níbi tó ti ń júwe jagunjagun ẹlẹ́ṣin: 'He was a verray, parfit gentil knyght.' Ìlà 72 ni. Ẹ wá wo òkè díẹ̀, ìlà 69, ó ti sọ níbẹ̀ pé ìṣesí ọkùnrin yìí 'as meeke as is a mayde', ìyẹn ni pé ó rẹlẹ̀ bí ọmọge. Ó ti sọ ti ìrẹ̀lẹ̀ tán nìyẹn, kí ló tún fẹ́ fi ìlà mẹ́ta sí i sọ? Ìlà tó tẹ̀ lé 'meeke' yẹn ní kò sọ 'vileynye', ìyẹn ọ̀rọ̀kọ́rọ̀, rí láyé ẹ̀, inú 'vileyn' ni ìyẹn sì ti jáde, àgbẹ̀ tó ń roko olúwa ilẹ̀, tí kò lè dìde kó kúrò níbẹ̀ bó bá ṣe wù ú. Ṣé ẹ ti wá rí i? Ọ̀rọ̀ ìbí ló wà nídìí méjèèjì. 'Gentil' wá látinú Látìn, ó kọ́kọ́ túmọ̀ sí ẹni tó jẹ́ ti ìdílé kan, ó di ọmọ ilé ire, lẹ́yìn náà ló wá di ẹni tó ń hùwà bí ọmọ ilé ire. 'Vileyn' gba ọ̀nà ọ̀hún lọ, àgbẹ̀ lásán ló di oníwà burúkú. Inú mi ò dùn sí bí wọ́n ṣe gbé ìwà burúkú lé tálákà lórí báyẹn, àmọ́ bí èdè wọn ṣe rìn nìyẹn, ọmọ tí ò bá mọ̀ ọ́n ò ní mọ ohun tí Chaucer ń ṣe.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ ẹni tó dá 'ọmọlúàbí' lábàá. Ọ̀rọ̀ ìbí ló wà nínú tiwa náà, 'ọmọ' wà níbẹ̀, 'bí' wà níbẹ̀, àwọn kan tiẹ̀ máa ń tú u sí 'ọmọ tí olú ìwà bí', àmọ́ ta ló ń bèèrè ilé tí wọ́n ti bí èèyàn kó tó pè é lọ́mọlúàbí? Ìwà là ń wò jàre.

Ẹ̀gbọ́n wa kan wá ní ọmọlúàbí ò lè bá gbogbo ibi mu, torí ibòmíì wà tó jẹ́ ìran ọlọ́lá gan-an ni wọ́n ń sọ. Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ, ohun tó sì mú kí n ní ká má fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo síbẹ̀ nìyẹn. Ẹ wo ìtàn tí obìnrin ará Bath sọ nínú ìwé kan náà. Jagunjagun kan fipá bá ọmọge lò pọ̀, wọ́n fẹ́ pa á, ayaba ní kó lọ wádìí ohun tí obìnrin fẹ́ jù láyé, ìyá arúgbó kan ló fún un lésì tó gbà á lọ́wọ́ ikú, ó wá di dandan kó fẹ́ ìyá náà. Lálẹ́ ìgbéyàwó ó ń ráhùn pé ìyàwó òun burẹ́wà, ó darúgbó, 'comen of so lough a kynde', ìdílé yẹpẹrẹ ló ti wá. Ìyá yẹn ò gbà fún un rárá. Ó ní gentillesse, ìyẹn jíjẹ́ gentil, tẹ́ ẹ̀ ń sọ yìí, èyí tó ti inú ọrọ̀ àtayébáyé wá, kò tó adìyẹ, ẹni tó ń hùwà gentil ni gentil: 'he is gentil that dooth gentil dedis.' Àwa náà ní ìbí ò ju ìbí, bí a ṣe bí ẹrú la bí ọmọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ìyá yìí ń yí padà lẹ́nu, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti ìran ọlọ́lá, ó parí ẹ̀ síbi ọmọlúàbí. Tẹ́ ẹ bá fi 'onírẹ̀lẹ̀' sí gbogbo ẹ̀, ìwàásù yẹn ò ní lórí, kò ní nídìí.

Ibi tí mo ti ń kìlọ̀ fáwọn ọmọ náà nìyẹn. Sáìtì Chaucer ti Harvard dáa púpọ̀, ó ń tú ìwé náà ní ìlà kọ̀ọ̀kan sí Gẹ̀ẹ́sì òde òní, àmọ́ ìlà 72 yẹn, 'noble' nìkan lẹ máa rí níbẹ̀. Fún ẹni tó fẹ́ yára mọ ohun tí ìtàn ń sọ, ó ti tó, ẹni tó fẹ́ kọ èsé lórí ẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sí Michigan níbi tí wọ́n ti to ìtumọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àyọlò látinú ìwé ayé ìgbà yẹn. Nínú tiwa, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ báyìí: gentil, (1) ọmọ ilé ọlọ́lá, (2) ọmọlúàbí, ká sì kọ nọ́ńbà ìlà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jáde. Àlàyé tí wọ́n máa ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, 'àlàyé etí ìwé' ti tó fún un, ẹ má jẹ́ ká ṣẹ̀ṣẹ̀ máa hun ọ̀rọ̀ gígùn.

'Fredom' inú ìlà 46 ọ̀rọ̀ ìṣáájú yẹn náà ń dà mí láàmú, 'Trouthe and honour, fredom and curteisie'. Ẹ ti kọ 'òmìnira' síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pa á rẹ́, ìlawọ́ ló ń sọ, ẹni tí ò háwọ́. 'Curteisie' ni mi ò tíì rí ojútùú ẹ̀. 'Ìmọ̀wàáhù' ló ń wá sí mi lọ́kàn, àmọ́ 'curteisie' fúnra ẹ̀ ti ààfin ọba wá, mo sì mọ̀ pé àwọn kan lára yín dàgbà nítòsí ààfin. Kí ni wọ́n máa ń pe ìwà ẹni tó mọ bó ṣe yẹ kéèyàn ṣe níwájú ọba lọ́dọ̀ yín?