Àgbàdo tútù ni mo fi ṣe é, kí ló dé tí sapala mi ò dì?

Ìyàwó_Akúrẹ́:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, àbàrí la máa ń pe sapala, àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n ń sè nínú ewé bíi mọ́ínmọ́ín yìí, lọ́dọ̀ tiwa, ọkọ ló gbé mi wá sí Akúrẹ́. Látìgbà tí àgbàdo ti jáde ló ti ń dárúkọ sapala ìyá ẹ̀ sí mi létí, ni mo bá lọ Ọjà Ọba lánàá, mo ra èyí tó tutù jù, tí irùkẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ṣì funfun, mo fi ọ̀bẹ gé e kúrò lára ṣùkù, mo dà á sí bílẹ́ńdà, mo bu omi kọ́ọ̀pù kan si kó lè yí, mo fi ata rodo, alùbọ́sà, epo pupa àti iyọ̀ si, mo pọ́n ọn sínú ewé. Ó lé ní wákàtí kan lórí gáàsì o! Ìgbà tí mo tú u, ó ń ṣàn bí ẹ̀kọ mímu. Ọkọ mi ní "ó dùn", ṣùgbọ́n ẹ̀rín ń pa á. Kí ni mo ṣe?

Màmá_Oǹdó:
Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi, ẹ̀rín ń pa èmi náà. Àgbàdo tó o rà ò tíì gbó ni. Èyí tí irùkẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ṣì funfun, sísè jẹ ló dáa fún, omi dídùn ló kún inú ẹ̀, ohun tó máa mú un dì ò tíì wọlé. Tó o bá dé ọjà, ṣí èèpo orí ẹ̀ díẹ̀, fi èékánná tẹ hóró kan. Bó bá ta omi bíi wàrà sí ọ lójú, fi í sílẹ̀. Bó bá nípọn bí ògì tó ti sìlẹ̀, tó o sì ní láti fagbára díẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ìyẹn gan-an lò ń wá, irùkẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ á ti gbẹ. Omi kọ́ọ̀pù kan kẹ̀! Omi ara ata àti alùbọ́sà ti tó o, àwọn ni kó o kọ́kọ́ lọ̀, kó o tó máa da àgbàdo sí i díẹ̀díẹ̀.

Àgbẹ̀_Ìdànrè:
Òótọ́ ni màmá sọ. Ẹ tún wo ìdí àgbàdo níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ, tó bá ṣì tutù, òní ni, tó bá ti gbẹ tó pọ́n, ó ti sùn lọ́jà nìyẹn, àwọn kan a sì máa po tàná mọ́ tòní. Ẹni tó fẹ́ sè é jẹ, kó sè é lọ́jọ́ tó rà á, torí adùn ẹ̀ ń dín kù bó bá ṣe ń pẹ́ tó.

Dúdú_Yẹmí:
Ẹ bu ìyẹ̀fun àgbàdo ṣíbí méjì si, á dì.

Màmá_Oǹdó:
Á dì bíi símẹ́ǹtì. Ẹ má kọ́ ọmọ mi níkọkúkọ.

Ọmọ_Ìkàrẹ́:
Ìyá mi ò fi ata si rárá o, iyọ̀ àti epo nìkan, ẹ̀fọ́ ẹ̀bọ̀lò tó já lẹ́yìnkùlé la fi ń jẹ ẹ́. Ata ti ń bo adùn àgbàdo mọ́lẹ̀ jù.

Ìyàwó_Akúrẹ́:
Mo padà wá o. Mo tẹ hóró àgbàdo bíi mẹ́fà kí n tó rí èyí tó dáa, ìyá alágbàdo pòṣé, ó ní ṣé mo máa rà á ni àbí èékánná ni mo fẹ́ fi jẹ ẹ́ tán. Mi ò fomi si, bílẹ́ńdà ń gbóná, mò ń pa á mò ń tàn án. Sapala dì! Mo fi ọ̀bẹ gé e, kò lẹ̀ mọ́ ọn. Ọkọ mi jẹ mẹ́rin lórí ìdúró, ó nu ẹnu, ó ní tìyá òun ṣì dùn jù. Mo ti gbà fún un.