Báwo ni ayàwòrán ṣe ń bá àwọn awalẹ̀pìtàn ṣiṣẹ́ láìba iṣẹ́ wọn jẹ́?

Ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ ọnà, mo kí yín o. Ayàwòrán ni mí ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn kan sì ti pè mí síbi tí wọ́n ti ń walẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ alápàáàdì àtijọ́ ti yọjú níbẹ̀, irú èyí tí awalẹ̀pìtàn Frank Willett hú jáde ní Ìta Yemòó, nínú Ifẹ̀ níbí, láàárín ọdún 1957 sí 1963: àpáàdì tí wọ́n gbé dúró ní ẹ̀gbẹ́, tí wọ́n tò bí egungun ẹja, pẹ̀lú òkúta funfun wẹ́wẹ́ láàárín wọn. (Ìtàn ní Ọọ̀ni Lúwo ni ó pàṣẹ rẹ̀, kí ẹrẹ̀ má baà kan ẹsẹ̀ òun.)

Wọ́n fẹ́ kí n ta okùn sórí ilẹ̀ náà, kí n sì ya àpáàdì kọ̀ọ̀kan bí ó ti rí gẹ́lẹ́, kí sẹ̀ǹtímítà kan lórí ìwé dúró fún mẹ́wàá lórí ilẹ̀. Ọwọ́ mi kò mọ irú ìyẹn. Bí mo bá rí ìlà tí ó wọ́, ó ń ṣe mí bíi kí n tún un ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é rí, báwo ni ẹ ṣe kó ara yín níjàánu? Ǹjẹ́ mo lè fi amọ̀ tútù tẹ àwòṣe rẹ̀ láìpa àpáàdì náà lára? Ní pàtàkì jù lọ, kí ni ó yẹ kí a kọ sínú àdéhùn nípa ẹni tí yóò ni àwọn àwòrán náà?