Ìwọ̀ oníyẹ̀ẹ́ ni, kì í ṣe eṣinṣin

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin àbúrò. Láti ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ lórí "ìfeṣinṣinpẹja", ìyẹn orúkọ Yorùbá tó yẹ ká fún irú ẹja pípa tí Òyìnbó ń pè ní fly fishing, tí n kò dá sí i. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló dá wàhálà yìí sílẹ̀, kò sì yẹ kí n máa wò ó. Òun ló fi àwòrán ara rẹ̀ ránṣẹ́ láti Calgary ní Kánádà, níbi tó ti dúró nínú odò Bow, omi mù ún dé orúnkún, ewé igi etí odò ti pọ́n bí ìyeyè. Ó wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ìgbà ìwọ́wé dé, mo lọ feṣinṣin pẹja." Ẹ̀gbọ́n wa kan bi í pé eṣinṣin ilé ìgbẹ́ ni àbí ti ọjà. Ibẹ̀ ni ẹnu ti là.

Nígbà tí ọmọ náà wálé lọ́dún tó kọjá, ó fún mi ní mẹ́rin nínú ohun tí wọ́n fi ń pẹja ọ̀hún. Ọ̀kan wà lórí tábìlì mi ní Adó-Èkìtì níbí bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ìwọ̀ ni, kò tó èékánná ọmọńdinrín mi. Wọ́n fi òwú dúdú wé e láti ìdí dé ọrùn, wọ́n wá mú ìyẹ́ àkùkọ kan, wọ́n yí i ká ọrùn rẹ̀ títí irun ìyẹ́ náà fi là sóde bí irun imú ológbò. Mo gbé e sínú abọ́ omi, ó léfòó. Àwọn irun yẹn ló gbé e dúró. Kò sí eṣinṣin níbẹ̀. Ẹja tó wà nísàlẹ̀ ló máa rò pé kòkòrò kan ló bà lé omi.

Kòkòrò tí wọ́n sì ń fara wé jù kì í ṣe eṣinṣin náà. Èyí tí Òyìnbó ń pè ní mayfly ni, tó máa ń pẹ́ nínú omi kó tó hùyẹ́, tó bá sì ti hùyẹ́ tán, ọjọ́ kan tàbí méjì ló kù fún un láyé. Èyí tó jọ ọ́ jù lọ́dọ̀ wa ni èsúnsún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ilẹ̀ ni tiwa ti ń jáde. Ẹni tó bá ní adágún ẹja lẹ́yìnkùlé á ti rí i: lálẹ́ ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, tí èsúnsún ń já bọ́ sómi lábẹ́ iná, tí ẹja ń yọ ẹnu gbé wọn mì, pọ́, pọ́, pọ́. Ohun tí wọ́n ń ṣe lódò Bow nìyẹn, àfi pé ìyẹ́ ni tiwọn. Wọ́n tún ní èyí tó dà bí èèrà, wọ́n ní èyí tó dà bí ẹja wẹ́wẹ́. Ṣé a ó máa pe ẹja wẹ́wẹ́ ní eṣinṣin nítorí pé Òyìnbó ń pe gbogbo rẹ̀ ní fly?

Nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn ni ará Róòmù kan ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ará Makedóníà máa ń fi òwú pupa wé ìwọ̀, wọ́n á sì fi ìyẹ́ àkùkọ méjì sí i. Ìyẹ́ ló ti wà níbẹ̀ láti ìgbà náà. Ìdí nìyí tí mo fi ní "ìwọ̀ oníyẹ̀ẹ́", bí a ṣe ń ti ìwé sọ oníwèé. Ẹni tí kò rí i rí á kúkú mọ ohun tó máa rí bí wọ́n bá ṣí àpótí rẹ̀.

Àwọn tó ní ká pè é ní "ìjẹ ẹ̀tàn" sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìjẹ ni ohun tí ẹja lè jẹ: ekòló, èkùrọ́, ìfun adìẹ. Ẹja tó bá já ekòló gbà tó sì sá lọ ti jèrè. Kí ló fẹ́ rí jẹ lára èyí?

Mo mú un lọ bá apẹja kan ní dáàmù Èrò. Ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó ní, "Adìẹ lẹ fẹ́ fi pẹja?" Ó so ó mọ́ okùn rẹ̀, ó jù ú. Kò lọ níbì kan, ó rọra bọ́ síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ìhùùhù. Ó ní, "Ìwọ̀ yín ò lójé." Òótọ́ ló sọ. Lọ́dọ̀ wa, òjé ló ń fa okùn lọ. Lọ́dọ̀ tiwọn, okùn ló nípọn tó sì wúwo, òun ló ń gbé ìwọ̀ dání. Wọn á fi ọ̀pá tó ń tẹ̀ bí àtòrì fi okùn náà sẹ́yìn, fi í síwájú, bí ẹni ń na pàṣán tí kò fẹ́ kó ba ẹnikẹ́ni. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi pàṣán sọ orúkọ jíjù yẹn, mo wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àbúrò wa kan wá bèèrè ohun tó mú mi jókòó dáadáa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kì í gbé ẹja relé. Á yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀, á sì dá a padà sómi. Àbúrò wa ní kò pẹja nígbà náà, torí pé "pa ẹja" ni "pẹja", ẹja tí kò kú kò sì tíì di pípa. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ bá mi dé ọjà Ọba. Ìyá ẹlẹ́ja á ní kí ẹ wá ra àrọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa láàárọ̀ yìí, àrọ̀ ọ̀hún á sì máa ta omi sí yín láṣọ nínú abọ́. Ẹ san owó tán, ẹ ní, "Ẹ bá mi pa á." Ó mú igi, ó kàn án mọ́ ọn lórí. Ẹja kan, pípa méjì! Ti odò ni àkọ́kọ́, ti igi ni èkejì. Ti odò ni ọmọ wa ṣe, ó pẹja.

"Ìgbà ìwọ́wé", tí wọ́n fi ń túmọ̀ autumn Òyìnbó, ló yẹ kí ẹ ti bínú sí, kò sì sẹ́ni tó wò ó. Lọ́dọ̀ wa, ìgbà ọyẹ́ ni ewé ń wọ́. Igi tíìkì wà lẹ́yìnkùlé mi. Láti Oṣù Kejìlá títí wọ Oṣù Kejì, gbígbá ni iṣẹ́ òwúrọ̀, ewé kan á tó abẹ̀bẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án tí ewé ń wọ́ ní Calgary, òjò ló ń pa wá ní Èkìtì. Bí ẹ bá sọ fún ọmọ iléèwé kan ní Adó pé ẹja brown trout ń yé ẹyin "nígbà ìwọ́wé", ọyẹ́ ni yóò rò. N kò ní ká jù ú nù, ó ti wọ ìwé. Ká ṣáà máa dárúkọ oṣù tẹ̀ lé e. "Ìgbà ìkórè" tí ẹnì kan mú wá tún burú jù, àwa tí à ń ya àgbàdo ní Oṣù Keje.

Kí n tó gbàgbé: ẹni tó kọ ọ́ láàárín yín pé inú "gba afẹ́fẹ́" ni "gbafẹ́" ti wá, ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́ ni, afẹ́ ayé. Ẹni tó lọ wo ibi tí omi gbígbóná ti pàdé omi tútù ní Ìkọ́gòsí gbafẹ́ lọ́jọ́ náà, bí ewé kan kò tilẹ̀ mì.

Mo ti bá ọmọ náà tún ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán rẹ̀ kọ: "Oṣù Kẹsàn-án, ewé ti ń wọ́ lọ́dọ̀ wa níbí. Mo fi ìwọ̀ oníyẹ̀ẹ́ pa ẹja mẹ́ta, mo dá gbogbo wọn padà sómi." Ó fèsì lálẹ́ àná: "Ẹ ṣeun sà. Ṣùgbọ́n méjì ni mo pa."